Omi Tó Dìde fún Ọ̀gá Àgbà

Lọ́jọ́ tí Ọ̀gá Àgbà kọ́kọ́ dé ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń wọn bí nǹkan olómi ṣe ki tó, ẹnu ọ̀nà ni ó kọ́kọ́ ní kí wọ́n wọ̀n. Ẹ̀rù ń bà á pé ipò tí òun gbé wá lè má gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n wọ̀n ọ́n, ó gbà á. Síbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ló fi wọlé, kí àwọn òṣìṣẹ́ tó tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lè rí i pé díẹ̀ báyìí ló kù kí òun há.

Ẹ jẹ́ n tètè sọ irú ilé iṣẹ́ tó jẹ́ kí ọkùnrin yìí tó la ẹnu, torí tó bá ti là á, kò sẹ́ni tó máa ráyè sọ̀rọ̀ mọ́. Ilé iṣẹ́ ìjọba ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe ọ̀dà, gọ́ọ̀mù, ọṣẹ olómi àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé díẹ̀ lọ síbẹ̀ fún àyẹ̀wò kó tó lè tà á. Inú ọ̀pọ̀ nǹkan wọ̀nyí ni wọ́n máa ń po èròjà kan sí tí wọ́n ń pè ní pọ́límà. Ẹ fojú inú wo òwú gígùn, tó tín-ín-rín débi tí ojú ò lè rí i, àìmọye rẹ̀ tó lọ́ mọ́ra wọn nínú omi. Òun ló ń sọ omi lásán di nǹkan tó ń fà, tó ń lẹ̀ mọ́ ògiri, tí kì í kàn ṣàn lọ. Tí pọ́límà bá kéré jù nínú ọ̀dà, ọ̀dà á máa ro sílẹ̀ lára ògiri bí omijé. Tó bá pọ̀ jù, búrọ́ọ̀ṣì ò ní lè fà á. Iṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà ò ju kí wọ́n wọn kíki yìí, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n rí.

Ọ̀gá Àgbà tuntun ò wọn nǹkan kan rí láyé rẹ̀. Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń to àga ìpàdé ló ti wá. Ẹ má fojú kéré iṣẹ́ yẹn o. Ó mọ ẹni tó yẹ kó jókòó síwájú, ó mọ ẹni tí àga rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní apá, ó sì mọ àga tó máa ń dún, tí wọ́n máa ń gbé fún àwọn tí wọn ò fẹ́ kó pẹ́ níjòókòó. Bó ṣe ń to àga fún àwọn ẹni ńlá ló ń sún mọ́ wọn, títí òun náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sórí ohun tó tò. Àṣà kan ló kó bọ̀ láti ibẹ̀: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ jókòó níwájú rẹ̀ àfi tó bá pàṣẹ. Tẹ́nì kan bá wọlé, tí ojú ẹ̀ kàn yà sí àga, Ọ̀gá Àgbà á gbọ́wọ́ sókè, á ní, "Ẹ ṣì dúró." Kò pẹ́ tí gbogbo ilé iṣẹ́ fi ń pè é ní Ọ̀gá Ẹ-Ṣì-Dúró lẹ́yìn. Àwa náà á máa pè é bẹ́ẹ̀ níbí, níwọ̀n ìgbà tí kò lè gbọ́ wa.

"Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mi," ló fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì dákẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lè wọ̀ wọ́n lára. "Mo gbọ́ pé kíki lẹ ń wọ̀n níbí. Ẹ kú oríire! Gbogbo ibi tí èmi ti ṣiṣẹ́ rí ni wọ́n ti ń kì mí. Kíki àti kíkì, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Láti òní lọ, kò sí omi kan, kò sí òróró kan, kò sí gọ́ọ̀mù kan tó máa ṣàn nínú ọgbà yìí láìgba àṣẹ. Ohun tó bá fẹ́ ṣàn, kó kọ̀wé!"

Àtẹ́wọ́ sọ. Ẹni tó kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ tó sì kẹ́yìn gbogbo wọn láti dákẹ́ ni akọ̀wé rẹ̀, ọkùnrin rírẹlẹ̀ kan tí ọrùn rẹ̀ ti tẹ̀ síwájú nítorí orí títẹ̀. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà ni wọ́n ń pè é, torí gbólóhùn yẹn nìkan ló fi gòkè lẹ́nu iṣẹ́. Olórí yàrá àyẹ̀wò, obìnrin kan tó kàwé lórí pọ́límà títí ìwé fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ọ̀mọ̀wé, kàn pàtẹ́wọ́ díẹ̀, ó sì kó ọwọ́ sí àpò kóòtù funfun rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gá Ẹ-Ṣì-Dúró sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá àyẹ̀wò láti lọ wo àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ tó wà nínú ìgò. Kóòtù mẹ́ta ló wọ̀ léra, ó so táì kan tó gùn tó ipò rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé mú un dé ibi ọ̀pá gíláàsì kan tó tẹ̀ kọdọrọ, tí apá kan rẹ̀ tín-ín-rín bí ihò abẹ́rẹ́. Wọ́n ki ọ̀pá náà bọ inú ìkòkò gíláàsì tó kún fún omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, ẹ̀rọ kan sì ń ṣọ́ omi náà kó má gbóná jù, kó má sì tutù. Ọ̀mọ̀wé fa omi tí wọ́n po pọ́límà sí gòkè nínú ọ̀pá, ó kọjá ìlà tó wà lókè, ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì tẹ aago. Omi náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ níbi ìlà ìsàlẹ̀. Jẹ́jẹ́ ni. Kò kánjú rárá.

Ọ̀gá dúró. Ó yí ẹsẹ̀ padà. Ó wo òrùlé.

"Kí ló ń ṣe?"

"Ó ń sọ̀ kalẹ̀, sà."

"Mo rí i pé ó ń sọ̀ kalẹ̀. Kí ló dé tí kò yára?"

"Bó ṣe ki tó nìyẹn, sà. Bó bá ṣe pẹ́ tó kó tó dé ìsàlẹ̀ la fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣáà ní sùúrù díẹ̀."

Ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti sọ fún Ọ̀gá Ẹ-Ṣì-Dúró pé kó ní sùúrù. Ẹlòmíràn ni òun máa ń ní kó dúró, òun náà wá rèé lórí ìdúró, nítorí omi!

"Ṣé ó mọ̀ pé èmi ni mo dúró tì í?"

Ọ̀mọ̀wé wojú ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà ló sún síwájú.

"Ó mọ̀ dáadáa, sà. Ẹ̀rù yín ni ò jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè gbé e."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ yìí wọ ọkùnrin náà lára ṣinṣin. Ó tún tẹjú mọ́ omi náà, ó sì rí i lóòótọ́ pé ó ń rìn bí ọmọ tó ń wọ yàrá bàbá rẹ̀. Ó ní kí wọ́n da omi ẹ̀rọ lásán sínú ọ̀pá mìíràn. Kíá, omi ẹ̀rọ ti dé ìsàlẹ̀.

"Ẹ wò ó!" Ó nàka sí i. "Ẹ wo bó ṣe sáré kọjá lójú mi! Aláìlẹ́kọ̀ọ́!"

Bí ó ṣe di òfin nìyẹn pé nǹkan tó bá ki ló níwà, èyí tó bá ṣàn, aláfojúdi ni. Ọ̀gá pàṣẹ lórí ìdúró pé ohunkóhun tí wọ́n bá wọ̀n lábẹ́ ìṣàkóso òun gbọ́dọ̀ ki ju ti ayé ọ̀gá àná lọ. Ooru ìkòkò omi yẹn sì ti ń mú un nínú kóòtù mẹ́ta. Ó nu iwájú orí, ó ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ tó ń mú omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí wọ́n sì yí ẹ̀rọ amúlétutù dé ibi tó tutù jù.

"Sà, a ò lè ṣe bẹ́ẹ̀," ni Ọ̀mọ̀wé dáhùn. "Tí òtútù bá mú nǹkan yìí, á máa ki sí i, ohun tá a bá sì kà ò ní jẹ́…"

"Á máa kí ni?"

"Á máa ki sí i, sà. Ṣùgbọ́n…"

"Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ o! Olórí yàrá fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́!"

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí Ọ̀mọ̀wé ò fi kọ̀. Ó kọ̀. Ó fẹnu kọ̀, ó tún kọ̀wé kọ̀. Ọ̀gá wá pè é sókè, ó rọra fi hàn án pé ìwé ìgbéga rẹ̀ wà lórí tábìlì òun, àti pé ìwé náà ṣì wà lórí ìdúró. Obìnrin náà wo ìwé, ó rántí bí ó ti pẹ́ tó tí òun ti ń retí rẹ̀, ó lọ sísàlẹ̀, ó pa ẹ̀rọ. Kò yọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ó pa á.

Láti ọjọ́ náà, súwẹ́tà ni wọ́n ń wọ̀ nínú yàrá àyẹ̀wò. Eyín ń lu eyín. Gbogbo nǹkan tí wọ́n ń wọ̀n ń ki sí i lójoojúmọ́, inú Ọ̀gá Ẹ-Ṣì-Dúró sì ń dùn bíi pé òun fúnra rẹ̀ ló ń gun òkè. Tó bá ti bọ́ọ́lẹ̀ nínú mọ́tò láàárọ̀, Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà á ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa fi nọ́ḿbà àná kì í: "Ọ̀gá tó sọ gọ́ọ̀mù di òkúta! Ọ̀gá tí ọṣẹ rí, tó gbàgbé àtiṣàn! Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ò ju ìdajì èyí lọ, sà!" Ọ̀gá á dúró gbọ́ ọ títí dé òpin. Tó bá ti tán, á ní, "Ibi gọ́ọ̀mù yẹn, tún un sọ."

Àmọ́ ẹ ro ìtumọ̀ rẹ̀ wò. Ọ̀dà tó dáa, tó yẹ kó yege, òtútù ti sọ ọ́ di èyí tó ki jù. Wọ́n ń dá a padà. Ọ̀dà tó jẹ́ omi ṣooro, òtútù ti mú un gan díẹ̀, ó dà bí ọ̀dà. Wọ́n ń lu òǹtẹ̀ fún un. Àwọn oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ ń sunkún, àwọn alábùlà ń jó. Ọ̀gá ò sì mọ̀, torí kì í wo ohun tó wà nínú ìgò. Nọ́ḿbà nìkan ló ń wò.

Lára àwọn tí wọ́n dá ọ̀dà wọn padà ni Ìyá Ọlọ́dà, obìnrin kan tó ní ilé iṣẹ́ ọ̀dà kékeré kan lẹ́yìn ọjà pákó. Ẹ má wulẹ̀ wá ọ̀rọ̀ yìí lọ síbì kan: ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá Ẹ-Ṣì-Dúró ni, ọmọ ìyá ọmọ bàbá. Òun ló pọ̀n ọ́n dàgbà, owó tó ń rí nídìí kíkun ilé fún onílé ló sì fi rán an lọ sílé ìwé. Nígbà tí wọ́n dá ọ̀dà rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kejì, ó wọ bàtà, ó gbọ̀nà ọ́fíìsì àbúrò rẹ̀.

Ó wọlé. Ọ̀gá gbọ́wọ́ sókè. "Ẹ ṣì dúró."

Ìyá Ọlọ́dà fa àga, ó jókòó. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà fọwọ́ bojú.

"Àbúrò, ṣé àlàáfíà lo wà?"

"Àlàáfíà ni, mà."

"Wọ́n ní ọ̀dà mi ki jù."

"Ohun tí ẹ̀rọ sọ nìyẹn, mà. Ẹ̀rọ ò mọ ojú."

"Ọ̀dà tí mò ń ṣe láti ìgbà tó o ti ń wọ ṣòkòtò péńpé, tí kò sẹ́ni tó ráhùn rí, òun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ki jù lọ́dún yìí? Mo ti dé yàrá yín nísàlẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn wé nǹkan mọ́rí bíi pé yìnyín ni wọ́n ń tà. Inú òtútù lẹ ti wọn ọ̀dà mi! Ìwọ náà, tí mo bá tì ọ́ mọ́nú fíríìjì di ọ̀la, ṣé o ò ní gan ni?"

Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sọ ọ́ di ikọ́.

Èrò kan yọjú sí Ọ̀gá lọ́kàn nígbà náà. Èrò kékeré ni. Tó bá jẹ́ pé òtútù ló mú ọ̀dà ẹ̀gbọ́n òun ki, a jẹ́ pé òtútù náà ló mú gbogbo rẹ̀ ki: gọ́ọ̀mù, ọṣẹ, nọ́ḿbà, oríkì àárọ̀. Èrò náà fẹ́ wọlé, ó ń wá ibi tó máa jókòó sí. Ọ̀gá tì í síta kíá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ọ́fíìsì lèyí." Ó tún táì ṣe. "Níbí yìí, mi ò ní ẹ̀gbọ́n."

Ìyá Ọlọ́dà wò ó títí. Ó dìde, ó dá àga padà sáyè rẹ̀.

"Ó dáa. Mo ti ní kí àwọn òṣìṣẹ́ mi máa lọ sílé ná. Tọ́mọ wọn bá bi wọ́n pé kí ló dé, màá ní kí wọ́n kó wọn wá bá ọ, kó o ṣàlàyé bí kíki ṣe ń gòkè."

Kò pariwo, kò sì gbá ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ọ̀gá ì bá fẹ́ kó gbá a. Odindi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò gbádùn oríkì kankan.

Àmọ́ ẹni tó bá ní Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í banú jẹ́ pẹ́. Ìròyìn kíki tó ń gòkè ti dé ọ̀dọ̀ Mínísítà, obìnrin kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, ó sì ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá fojú ara òun rí iṣẹ́ ìyanu yìí. Ọ̀gá Ẹ-Ṣì-Dúró kó sínú ìmúra. Ó ní kí wọ́n kun iwájú ilé iṣẹ́ lọ́dà tuntun, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dà tí òun alára ti fún ní òǹtẹ̀. Ó to àga fúnra rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò tíì gbàgbé. Ó wọn àlàfo àárín wọn, ó gbé àga tó ń dún fún Ọ̀mọ̀wé. Lẹ́yìn náà ló wá ní òun ń fẹ́ nǹkan kan tí Mínísítà ò ní lè gbàgbé láé.

"Omi tó gbọ́n jù nínú gbogbo omi yín, èwo ni?" ló bi Ọ̀mọ̀wé.

Ọ̀mọ̀wé rò ó wò. Ó rẹ̀ ẹ́, òtútù sì ti mú un lọ́fun. "Ọ̀kan wà, sà, tí òwú inú rẹ̀ gùn ju ti àwọn yòókù lọ. Tẹ́ ẹ bá ń yí ọ̀pá nínú omi lásán, omi á sá kúrò nídìí ọ̀pá. Ṣùgbọ́n èyí, tí ọ̀pá bá ń yí, ńṣe ló máa ń gun ọ̀pá lọ sókè. Ó tún ní ìwà kan…"

"Ó ń dìde?"

"Ó ń gun ọ̀pá, sà. Àwọn òwú inú rẹ̀ ló ń wé mọ́ ọn, tí wọ́n ń fún un…"

"Ó ń dìde fún mi!" Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú Ọ̀gá. Gbogbo ayé rẹ̀ ló ti ń mú èèyàn dúró, kò mọ̀ pé omi náà lè ṣe é. "Ẹ pò ó sínú abọ́ tó tóbi jù. Èmi fúnra mi ni màá yí ẹ̀rọ."

"Kí ẹ má ṣe sún mọ́ ọn tó bá ń yí o, sà. Ìwà kejì tó sì ní…"

"Ìwà kan ti tó omi."

Ọjọ́ pé. Òjò wínníwínní kan ti rọ̀ láàárọ̀, ó sì ti dá. Wọ́n to àwọn àlejò sí iwájú ilé iṣẹ́. Tábìlì gígùn kan wà níwájú wọn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni Mínísítà jókòó sí nínú aṣọ funfun báláú, ògiri tuntun sì wà lẹ́yìn Mínísítà. Lórí tábìlì, ọ̀pá irin kan sọ̀ láti ara ẹ̀rọ wọ inú abọ́ gíláàsì ńlá tó kún dẹ́nu.

Ọ̀gá Ẹ-Ṣì-Dúró sọ̀rọ̀. Mi ò ní fi gbogbo rẹ̀ yọ yín lẹ́nu, torí òun fi yọ àwọn àlejò lẹ́nu tó. Ó ní kó tó di pé òun dé, omi ilẹ̀ yìí ò ní láárí. Ó ní wọ́n ń ṣàn bó ṣe wù wọ́n, láìnídìí, láìbẹ̀rù. Ó ní òun bá omi nínú ìṣáńṣá, òun sì kọ́ ọ ní ìdúró. "Lónìí, Mínísítà wa ọ̀wọ́n, ojú yín á rí omi tó mọ ọ̀gá rẹ̀! Gbogbo ẹ̀yin ènìyàn, ẹ dìde, kí omi náà lè rí àwòkọ́ṣe!"

Wọ́n dìde, àfi Mínísítà àti Ọ̀mọ̀wé. Ó yí ẹ̀rọ. Ọ̀pá bẹ̀rẹ̀ sí í yí, omi inú abọ́ mì, ó ṣù jọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun ọ̀pá lọ sókè. Àwọn èèyàn pariwo "Háà!" Àní Mínísítà na ọrùn.

Ó yẹ kó dá a dúró níbẹ̀. Ká ní ó dá a dúró níbẹ̀ ni, ẹ kì bá tí máa ka ìtàn yìí. Ṣùgbọ́n "Háà" yẹn ti wọ̀ ọ́ lórí. Ó yí ẹ̀rọ dé ibi tó yára jù. Omi náà sáré gun ọ̀pá, ó ga, ó sanra, Ọ̀gá sì tẹ̀ síwájú pẹ̀lú ẹ̀rín láti gba ìkíni rẹ̀ lójúkojú. Táì rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ọ̀pá gbá táì mú, ó wé e, ó tún wé e. Níṣojú gbogbo àwọn tó ní kí wọ́n dìde, Ọ̀gá Ẹ-Ṣì-Dúró tẹrí ba fún abọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún tẹ̀ ẹ́ sí i, títí imú rẹ̀ fi wọnú omi.

"Ẹ gbà mí o!" ló pariwo, ṣùgbọ́n ìfófòó nìkan ló jáde.

Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà rò pé ara ètò ni. Ó ń pàtẹ́wọ́.

Ọ̀mọ̀wé ló fò dìde lórí àga tó ń dún, tó fa wáyà ẹ̀rọ yọ, tó sì fi sísọ́ọ̀sì gé táì. Ọ̀gá já, ó ta gìọ́ngìọ́n, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ gbá abọ́. Abọ́ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ díẹ̀, omi náà yọ́ kọjá etí rẹ̀, ó gba orí tábìlì, ó sì rọra sọ̀ sí itan Mínísítà. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà sáré gbé abọ́ náà ró. Abọ́ ti dúró ṣánṣán, ṣùgbọ́n omi ò dúró. Ó ń fa ara rẹ̀ láti inú abọ́, ó ń gun etí abọ́, ó ń sọ̀ kalẹ̀, bí okùn tí ẹnì kan ń fà láti ìsàlẹ̀.

"Ìwà kejì nìyẹn," ni Ọ̀mọ̀wé wí. Ó sún mọ́ etí abọ́, ó sì fi sísọ́ọ̀sì gé omi náà. Ẹ gbà mí gbọ́. Ó gé omi. Apá kan fà padà sínú abọ́, apá kejì já bọ́ sórí bàtà Mínísítà.

Mínísítà ti fò sẹ́yìn, ó fẹ̀yìn lu ògiri. Nígbà tó kúrò níbẹ̀, àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀ wà lára ògiri, ọ̀dà ògiri sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà yẹn ni gbogbo èèyàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ògiri náà dáadáa. Òjò wínníwínní àárọ̀ ti ṣọṣẹ́: ọ̀dà tuntun ń ro sílẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ti kó jọ sẹ́sẹ̀ ògiri.

"Ta ló yẹ ọ̀dà yìí wò?" ni Mínísítà bèèrè. Kò gbóhùn sókè.

Ọ̀gá ń nu imú. Ọ̀mọ̀wé ló dáhùn.

"Àwa ni, mà. Èmi ni mo fọwọ́ sí i. Inú òtútù la ti wọ̀n ọ́n, torí wọ́n ní ká pa ẹ̀rọ. Mo mọ̀ pé kò dáa, mo sì pa á. Nọ́ḿbà tó ń gòkè yẹn, mà, òtútù lásán ni. Àwọn tí ọ̀dà wọn dáa la dá padà."

Mínísítà yíjú sí akọ̀wé. "Ìwọ náà mọ̀?"

Ọ̀kan lára ohun tí wọ́n ṣì ń sọ nílé iṣẹ́ náà títí dòní ni pé ọjọ́ yẹn ni ètè Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà kọ́kọ́ yí gbólóhùn padà. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà!" ló pariwo. "Mo ti ń kìlọ̀ fún wọn tipẹ́, mà!"

Ọ̀gá wò ó. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún ju omi tó wọ̀ ọ́ nímú lọ. Ó yíjú sí àwọn àlejò, ó ń wá ẹnì kan ṣoṣo tó máa káàánú òun, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló wà lẹ́nu gbogbo wọn, àwọn tí kò rẹ́rìn-ín sì ń ya fọ́tò.

Wọ́n yọ ọ́ kó tó di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Wọ́n fún Ọ̀mọ̀wé ní ìwé ìbáwí, wọ́n sì dá ìgbéga rẹ̀ dúró; ó gbà á láìjiyàn, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá àyẹ̀wò, ó tan ẹ̀rọ ìkòkò omi, ó sì jókòó tì í títí ó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Gbogbo ọ̀dà tí wọ́n ti dá padà, wọ́n tún un wọ̀n. Ti Ìyá Ọlọ́dà yege láìsí wàhálà. Ní ti Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà, ẹ má da ara yín láàmú. Ó ti bá ọ̀gá tuntun mọ́wọ́.

Ọ̀gá wa jókòó sílé. Fóònù ò dún. Ó ń rìn láti pálọ̀ dé yàrá, ó ń dá ọ̀rọ̀ sọ, ó ń dá ara rẹ̀ láre níwájú dígí. Dígí náà sì sú u. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wọ ẹyọ kóòtù kan, láìso táì, ó gba ẹ̀yìn ọjà pákó.

Ariwo iṣẹ́ ló kọ́kọ́ gbọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ti padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ń yí àgbá, wọ́n ń pọn omi. Ìyá Ọlọ́dà wà láàárín wọn nínú bàtà rọ́bà, ọ̀dà pupa dé ìgbọ̀nwọ́. Kò bi í pé kí ló ń wá.

"Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n," ni ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀, bó ṣe ti kọ́ ọ sórí nílé, "níwọ̀n bí ìṣẹ̀lẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ yìí ti…" Ó dánu dúró. Ó wo àwọn òṣìṣẹ́ tó ti wà nílé nítorí rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Mo ṣe yín níkà."

"Mo ti gbọ́," ni ìyá dáhùn. Ó na igi gígùn kan sí i. "Gbà. Bá mi po ti àgbá yẹn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da pọ́límà sí i, kò gbọ́dọ̀ ṣù."

Ó bọ́ kóòtù. Ó ki igi bọnú àgbá, ó ń pò ó. Ó le. Ọ̀dà náà ń bá a du igi, apá ń ro ó, òógùn ń bọ́ sí i lójú. Ó fi ìbínú yára. Igi ṣàdédé fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rọra, ó tún le. Ó yára, ó tún rọ̀. Ó ṣe é títí, ojú rẹ̀ ò kúrò nínú àgbá.

"Ẹ̀gbọ́n," ló pè, "kí ló dé tó jẹ́ pé tí mo bá yára pò ó, ńṣe ló ń rọ̀?"

Ìyá Ọlọ́dà dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Láti ìgbà tí àbúrò rẹ̀ ti di ẹni ńlá, kò bi òun ní ìbéèrè kankan tó jẹ́ pé ìdáhùn ló ń fẹ́.

"Òwú inú ẹ̀ ni," ló fi ọwọ́ ṣàpèjúwe. "Tó o bá ń yí i kíákíá, gbogbo wọn á tò sí ojú kan náà, wọ́n á máa yọ̀ kọjá lára ara wọn. Tó o bá dẹwọ́, wọ́n á tún lọ́ mọ́ra. Ìdí nìyẹn tó fi ń rọ búrọ́ọ̀ṣì lọ́rùn, tí kì í sì í ro sílẹ̀ tó bá ti dé ara ògiri."

"Háà," ni ọkùnrin náà wí. Ó tún pò ó. "Háà!"

Obìnrin oníbàárà kan wọlé, ó dúró, ó ń wo ọkùnrin tó fi ṣòkòtò ọ́fíìsì po ọ̀dà. "Ìyá, ta ni bàbá yìí?"

"Àbúrò mi ni," ni Ìyá Ọlọ́dà fèsì, kò wẹ̀yìn. "Iṣẹ́ ló ń kọ́."

Ọkùnrin náà gbórí sókè. Ó la ẹnu. Gbogbo oyè rẹ̀ tò sórí ahọ́n, láti orí àga ìpàdé títí dé orí omi. Nínú àgbá, igi bẹ̀rẹ̀ sí í le lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tẹra mọ́ ọn, ó sì yí i.

"Ẹ káàbọ̀, mà," ló sọ. "Àwọ̀ wo lẹ fẹ́?"